Ẹni Tó Fọ Ìkòkò Omíkan

“Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí ara ń yún, kó yún un tán kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ yín máa gbàgbé ara yín.”

Báyìí ni Baba Ọdẹ́tóyìnbó ṣe la ẹnu lọ́sàn-án ọjọ́ náà, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà nínú àgbàlá Láwọyin ní ìlú Òkè-Àgbálá. Ìgbà ọyẹ́ ni, àgbálùmọ̀ ti pọ́n, gbogbo ẹnu ló ń mu ún, gbogbo ojú ló sì ń fún pọ̀. Àgbà ọdẹ ni Ọdẹ́tóyìnbó, ó ga, ó rù, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ihò ara gbérí, ẹ̀wù ọdẹ rẹ̀, sì pọ̀ ju òwú tó kù lára rẹ̀ lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti já ọmú lẹ́nu rẹ̀, ẹnu náà kò tíì sinmi. Ó gbé kèrègbè kan tí wọ́n fi ewé dí sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń ṣọ́ ọ bí adìyẹ tó ń sàba.

Kì í ṣe àlejò lásán. Abídèmí, ọmọ Láwọyin, ni Ọdẹ́bùnmi ọmọ rẹ̀ fẹ́. Oṣù kan péré ni ọmọbìnrin náà lò nílé ọkọ kí wọ́n tó dá a padà sílé baba rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí, ẹ̀sùn tí wọ́n sì kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé ó fọ ìkòkò omíkan ìyá ọkọ rẹ̀. Nítorí náà, àga tí wọ́n gbé fún baba ọdẹ yìí, ẹsẹ̀ mẹ́ta ló fi dúró. Ìyá Abídèmí kọ ẹ̀yìn sí i. Abídèmí fúnra rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò wọlé, kò jáde.

Kí n má fi bò fún ẹ̀yin tó ń kà á: Ọdẹ́tóyìnbó gan-an ló fọ ìkòkò náà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wá sọ, “Èmi ni.” Ó ti ń fi kọ́ra lójú ọ̀nà, ó sọ ọ́ fún igi, ó sọ ọ́ fún òkúta, ó sọ ọ́ fún ewúrẹ́ kan tó kọjá. Àmọ́ nígbà tó rí ojú àwọn àna rẹ̀, gbólóhùn náà yí padà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ìtàn ló sì jáde.

“Ọ̀rẹ́ mi kan wà,” ló wí, “ọdẹ ni bíi tèmi, àmọ́ kò tó mi ṣe. Ibi tí mo bá ti pa ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín ni yóò pa. Ibi tí mo bá ti pa àgbọ̀nrín, ọ̀kẹ́rẹ́ ni tirẹ̀. Aníyìkáyé lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ìkòkò kan tó jogún lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ náà jogún lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Omi ògì ló wà nínú rẹ̀, ó ti kan, ó kan, ó kan, ó ti di ara ẹbí. Wọn kì í fọ ìkòkò bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá bu omi kúrò, wọ́n á da omi ògì tuntun sí i, omi àná á sì kọ́ omi òní bí wọ́n ṣe ń kan. Gbogbo àgbo ìlú, inú omíkan yẹn ni wọ́n ti ń rẹ ẹ́, ìbáà ṣe ti ibà, ìbáà ṣe ti jẹ̀díjẹ̀dí.

“Lọ́jọ́ kan, Aníyìkáyé jí ẹran jẹ nínú ọbẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Òun ló pa ẹran náà o, ṣùgbọ́n ẹran tó bá ti wọ ìkòkò ọbẹ̀, ó ti kúrò lọ́wọ́ ọdẹ. Ọkàn rẹ̀ ń dá a lẹ́bi. Ó wá rò ó pé kí òun ṣe oore kan tí yóò tu ìyàwó òun lójú kó tó ti oko dé. Ó wo ilé ìdáná yíká. Ọkùnrin tí kò fọ ife rí láti ogójì ọdún! Ìkòkò tó ń rùn jù lọ ló mú. Ó da omi inú rẹ̀ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó bu eérú, ó mú ọṣẹ àti kànìnkànìn, ó sì fọ̀ ọ́ títí tó fi ń dún bí agogo.”

Àwùjọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà mú inú baba ọdẹ dùn, ó sì fi kún ohùn rẹ̀.

“Igbe tí ìyàwó rẹ̀ ké nígbà tó dé, àwọn ará ìlú kejì rò pé ọba ló wàjà. ‘Ta ló fọ ìkòkò ìyá mi?’ Ẹ̀yin èèyàn mi, ojú tó wo ẹfọ̀n tí kò ṣẹ́, ojú yẹn kò lè wo ìyàwó. Aníyìkáyé fẹ́ sọ òtítọ́, ohun tó jáde ni, ‘Ṣebí ìyàwó ọmọ rẹ ló wà nílé.’ Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, ‘Màámi, èmi kọ́ o.’ Ta ni yóò gbà á gbọ́? Ta ló ti rí ọdẹ tó ń fọ ìkòkò rí? Obìnrin ló ni ilé ìdáná, obìnrin tó kéré jù níbẹ̀ ló sì ni ẹ̀bi ilé ìdáná. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n gbé ẹrù rẹ̀ lé e lórí.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ìyá Abídèmí yí àga rẹ̀ padà, ó tu kóró àgbálùmọ̀ sílẹ̀.

“Bàbá,” ó ní, “ọ̀rẹ́ yín yìí, ìlú wo ló ń gbé?”

“Ìlú kan lápá ibẹ̀ yẹn.” Ọdẹ́tóyìnbó na ọwọ́ síbi tó lè jẹ́ ibikíbi. “Ẹ jẹ́ kí n dé ibi tí ìtàn ti dùn ná, àna mi.

“Láti ọjọ́ yẹn ni kíkan ti kó ẹrù kúrò nílùú wọn. Ògì kò kan mọ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ fún fùfú lo ọjọ́ mẹ́jọ nínú omi, ó le bí òkúta. Òroǹbó wẹ́wẹ́ ń dùn bí ìrèké. Wọ́n lọ bu omíkan wá láti ìlú mìíràn, bó ṣe dé ẹnubodè ló di omi odò. Ọmọ tí ibà ń ṣe mu àgbo, ibà ní òun kò tilẹ̀ gbọ́ pé wọ́n pe òun. Gbogbo ìlú sì ń bú ìyàwó tó ti lọ. Aníyìkáyé wá ronú pé bí òun bá lè wá kíkan náà rí, kò ní sí ẹni tí yóò tún béèrè ẹni tó lé e lọ. Ìdí tó fi gbéra nìyẹn. Kì í ṣe òtítọ́ ló wá lọ. Omi tí yóò fi ṣan irọ́ mọ́lẹ̀ ló wá lọ. Ká ní èmi ni…”

“Ká ní ẹ̀yin ni ńkọ́?” Láwọyin bi í.

Ọdẹ́tóyìnbó wúkọ́. “Ká ní èmi ni, ìbọn mi ì bá tóbi jù tirẹ̀ lọ.

“Bó ṣe dé Igbó Tánpẹ́pẹ́, ẹ má bi mí. Ẹni tó bá ń ka igi ọ̀nà kì í dé ibi ìyanu. Oníbodè igbó náà jẹ́ ìwin tí orí rẹ̀ dà bíi ti èèrà, tí ikùn rẹ̀ tó àgbá omi, ìdí rẹ̀ sì ń kán tó, tó, tó. Ibi tí ó bá kán sí, koríko ibẹ̀ á gbẹ. Aníyìkáyé dúró, ó kó àyà síta, ó ní, ‘Èmi Aníyìkáyé, ọmọ apẹ̀fọ̀n má wẹ̀yìn, bí mo bá sín, ẹkùn á ní kára ó le!’ Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí pe ọfọ̀. Kò tíì pè é dé ìlàjì tí àwọn tánpẹ́pẹ́ fi gba inú ṣòkòtò rẹ̀ wọlé. Mo bẹ̀ yín, ẹ wo àgbà ọdẹ! Ẹni tó ń pe ọfọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pe ìyá rẹ̀. Ó ń jó ijó tí wọn kò lù fún un, ìwin sì ń pa àtẹ́wọ́.

“Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ìwin ní, ‘Ọmọ aráyé, omi kan wà tí kì í ṣe omi mímu. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ ló ti ń bá ọ jẹun. Bí o bá fún un lóúnjẹ, á bá ọ lọ̀ ọ́ kúnná; bí o bá fi ebi pa á, á kọjú sí ìwọ fúnra rẹ. Kí ni?’

“Aníyìkáyé dáhùn kíá, ó ní, ‘Ìyàwó mi ni!’”

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ pòṣé, àwọn ọkùnrin fi ọwọ́ bo ẹnu. Abídèmí nìkan ni kò mira.

“Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sí ẹnubodè yẹn láìjẹun. Ní ọjọ́ kẹta ó di ikùn mú, ó ké, ó ní, ‘Yéè! Omi inú mi ń jó mi o!’ Ìwin sì kúrò lọ́nà. Ó ní, ‘O ti dáhùn rẹ̀ láìmọ̀. Ásíìdì, omi kíkan tó ń jẹ nǹkan, ni omi inú rẹ, ọmọ ilé Ọba Ásíìdì tí ò ń lọ bá ni. Ó ti ń gbé nínú rẹ láti ìgbà èwe, o kò kí i rí. Kọjá.’

“Láti ibẹ̀ ló ti dé Ìlú Adùnmákan. Háà! Ìlú yẹn! Àwọn ará ibẹ̀ ti lé gbogbo ohun tó kan jáde láti ìgbà ìwásẹ̀, ìbáà ṣe nínú oúnjẹ, ìbáà ṣe nínú ọ̀rọ̀. Oyin ni wọ́n ń mu, oyin ni wọ́n fi ń wẹ̀. Kò sí ẹnì kan tí eyín rẹ̀ pé mẹ́rin. Nítorí pé wọn kò ní omi kíkan nínú mọ́, iṣu tí wọ́n bá jẹ, bó ṣe wọlé ló ṣe wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá ń rìn, ẹ óò máa gbọ́ iṣu tó ń kọ lu iṣu nínú wọn. Ọba wọn ń kọrin láàárọ̀, ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí wọ́n ń fa ilẹ̀kùn onípáànù. Àwọn ìjòyè ń dákú, wọ́n ní ìdùn orin náà ló pọ̀ jù. Ẹni tó bá sọ fún ọba pé ohùn rẹ̀ ha, wọ́n á fi oyin bò ó, wọ́n á gbé e fún eṣinṣin. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

“Wọ́n gba Aníyìkáyé tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n bi í pé ta ló fọ ìkòkò. Ó ní, ‘Ìyàwó ọmọ ni.’ Gbogbo ìlú dáhùn, ‘Ìyàwó ọmọ ni! Ta ni ì bá tún jẹ́?’ Wọ́n sọ ọ́ dorin, wọ́n ń jó o yí ìlú. Inú ọkùnrin yìí dùn, ẹ jọ̀ọ́. Irọ́ tó ti ń fi ọwọ́ bò, wọ́n bá a gbé e gẹṣin. Ó ní òun kò lọ mọ́, òun rí ilé. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kí ọba fún orin.

“Lọ́jọ́ keje, ó rí i pé bí òun bá ti ń kọjá, àwọn èèyàn á sún sẹ́yìn, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á ní, ‘Fìlà yín mà dára o!’ Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹjọ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti pọn omi, ó rí òjìji ara rẹ̀ nínú odò. Àkeekèé ńlá kan ti bímọ sórí fìlà rẹ̀. Ìyá àti ọmọ ni wọ́n tò sórí rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀! Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n ti wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó sọ fún un, nítorí ‘àkeekèé ń bẹ lórí rẹ’ kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn. Ó bọ́ fìlà náà sódò, ó sì sá kúrò nílùú láìdágbére. Mo máa ń sọ fún un pé…” Ọdẹ́tóyìnbó fọwọ́ pa orí rẹ̀, kò sì sí fìlà níbẹ̀. Ó yára sọ ọwọ́ kalẹ̀.

Abídèmí ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ti súnmọ́ wọn, ó dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

“Báyìí ló ṣe dé ààfin Ọba Ásíìdì. Ìgò ni wọ́n fi kọ́ ààfin yẹn láti ilẹ̀ dé òrùlé, nítorí irin tó bá gba ọba náà lálejò, ọba á ti jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó ṣú. Aníyìkáyé dọ̀bálẹ̀ fún un. Nígbà tó máa dìde, ìṣẹ́tí gbérí rẹ̀ kò bá a dìde, ilẹ̀ ti jẹ ẹ́.

“Ó bá àwọn ọmọ ọba lẹ́nu ìjà, wọ́n ń du ẹni tí yóò jẹ́ olórí ẹbí. Èyí tó ń gbé inú bátìrì ga, ó gbọ̀nwọ́, ó ní, ‘Èmi ni mò ń jí ọkọ̀ láàárọ̀. Lọ́jọ́ tí mo bá gbẹ, ọlọ́lá á sọ̀ kalẹ̀, á máa ti ọkọ̀ rẹ̀ bí ọmọlanke.’ Èyí tí àwọn tó ń kọ rọ́bà máa ń lò fò dìde, ó ní, ‘Ta ló ń sọ omi ara igi rọ́bà di ohun tó dì, tó ṣeé fi ṣe táyà? Gbé ọkọ̀ rẹ lọ láìsí táyà ká rí ọ!’ Òroǹbó wẹ́wẹ́ jókòó, ara rẹ̀ hunjọ, ó ní kí wọ́n tó bí baba ẹni tó ṣe táyà lòun ti ń fọ ẹja, tí òun ń lé ikọ́, òun kì í sì í jó ẹni tó bá fọwọ́ kàn òun. Èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń dán wúrà wò kò sọ̀rọ̀. Ó ń wo ẹ̀gbà ọwọ́ Aníyìkáyé láìṣẹ́jú. Ní kọ̀rọ̀ kan, ọmọ kékeré kan jókòó tó ń rùn bí ògì. Omíkan ni. Ọkàn Aníyìkáyé fò. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ọ̀kan tún wà tó fi aṣọ bo orí, tí àwọn yòókù kò fẹ́ sún mọ́.

“Ọba ní, ‘Àlejò, ìwọ ni kí o dá ẹjọ́ yìí. Ta ni olórí?’

“Aníyìkáyé kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tọ́ka sí Bátìrì, nítorí òun ló ga jù, tó sì pariwo jù.

“Ọba rẹ́rìn-ín. ‘Nítorí ọmọ mi tó kéré jù lo ṣe wá, alágbára lo sì gbè lẹ́yìn. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe nílé rẹ?’ Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, àmọ́ ó díbọ́n bí ẹni tí kò gbọ́. Ọba ní kí wọ́n dán an wò. Ọmọ tó ń dán wúrà wò bọ́ síwájú. ‘Ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ yìí ńkọ́?’ Aníyìkáyé ní, ‘Wúrà ni, ọba wa ló fún mi nítorí ẹfọ̀n.’ Wọ́n kán ẹ̀kán kan sí i. Ó hó ṣàà, ó yọ ìfófòó aláwọ̀ ewé. Bàbà ni. ‘Ta ló jẹ ẹran inú ọbẹ̀?’ Ó ní ológbò ni. Wọ́n kán ọ̀kan sí gbérí rẹ̀, ihò là sí èjìká. ‘Ta ló fọ ìkòkò?’ Ó ní ìyàwó ọmọ ni. Ihò là sí àyà. Wọ́n bi í lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n bi í, ó wí bẹ́ẹ̀, títí afẹ́fẹ́ fi ń gba iwájú rẹ̀ wọlé tó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Orí kunkun! Mo ti rí ẹran tó kú tó ṣì ń sáré, mi ò rí irú Aníyìkáyé rí.

“Nígbà náà ni ẹni tó fi aṣọ bo orí dìde lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kò pariwo. Ó ní, ‘Aráyé ní ìkà ni mí. Ṣé ẹ rí ẹsẹ̀ lára mi? N kò dá rìn dé ilé ẹnikẹ́ni rí. Inú ìgò ni mo wà jẹ́jẹ́ mi kí ọwọ́ kan tó gbé mi, kí ọwọ́ náà tó dà mí sójú ọmọ ọlọ́mọ. Títí dòní ni mò ń gbọ́ igbe rẹ̀. Ẹni tó dà mí ti lọ fọ ọwọ́, èmi ni wọ́n ń ṣépè fún.’ Ó sún mọ́ Aníyìkáyé. ‘Àwọn tó ń fi mí ṣe ibi, wọ́n á kọ́kọ́ wá mi kiri, wọ́n á fi mí pamọ́, ẹ̀rù á sì máa bà wọ́n kí n má ta sí wọn lára. Ìwọ kò wá mi kiri. Gbólóhùn kan lo fi ṣe tìrẹ, o sì jókòó o jẹun. Ojú ọmọbìnrin náà ṣì wà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ta ló tún fẹ́ wò ó nílùú rẹ?’”

Ọdẹ́tóyìnbó wo ilẹ̀.

“Ó sunkún,” ó ní. “Ọ̀rẹ́ mi sunkún. Ọba Ásíìdì wá rọ Omíkan sínú kèrègbè kan fún un. Ó ní, ‘Ọmọ mi yóò sùn nínú kèrègbè yìí, bí omi odò ni yóò rí lẹ́nu. Lọ́jọ́ tí ẹni tó fọ ìkòkò bá dúró nílé baba ọmọbìnrin náà, lójú ọmọbìnrin náà, tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ni, lọ́jọ́ náà ni yóò jí.’ Bẹ́ẹ̀ ni ìtàn ṣe lọ. Ibi tí mo bá a dé nìyí.”

Láwọyin na ọwọ́, ó gbé kèrègbè náà, ó ṣí ewé ẹnu rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

“Omi odò ni,” ó wí.

“Ó yẹ kó ti kan,” ni Ọdẹ́tóyìnbó wí jẹ́jẹ́. “Mo mà ti sọ ọ́ tán. Gbogbo rẹ̀ ni mo sọ.”

“Bàbá,” Ìyá Abídèmí dá sí i, “ọba yẹn ní kí ẹni tó fọ̀ ọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Aníyìkáyé yín dà? Ẹ pè é wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́, ẹ̀yin sì wà nílé tí wọ́n fi di ẹrù lé ọmọ mi lórí.”

Ọdẹ́tóyìnbó wo ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ọ̀rẹ́. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀.

Abídèmí wá sọ̀rọ̀. Láti àárọ̀, ohùn rẹ̀ tí wọ́n máa kọ́kọ́ gbọ́ nìyí.

“Bàbá, kí ló lu gbogbo ihò yìí sí gbérí yín?”

Baba ọdẹ wo àyà ara rẹ̀. Ihò kan nìyí, òmíràn nìyí, wọ́n ń wò ó bí ojú. Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn kò lè gbà á mọ́. Ó dìde, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àgbà ọkùnrin níwájú ìyàwó ọmọ rẹ̀, àyà rẹ̀ kan erùpẹ̀.

“Èmi ni,” ó ní. “Aníyìkáyé lorúkọ tí ìyá mi sọ mí. Èmi ni mo jẹ ẹran, èmi ni mo fọ ìkòkò, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọ. Ojú ń tì mí láti sọ pé ọdẹ bíi tèmi fọ ìkòkò, mo wá jẹ́ kí ojú tì ọ́ dípò mi. Abídèmí, ìwọ kọ́. Ìwọ kọ́ rárá. Má bínú.”

Kèrègbè hó. Ó hó ṣìì bí ẹni tó ń mí lẹ́yìn oorun gígùn, òórùn omíkan sì gba àgbàlá. Abídèmí bù ú sí àtẹ́lẹwọ́, ó tọ́ ọ lá. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá kíkan ló fa omi ojú tó tẹ̀lé e.

“Ó kan,” ó wí.

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Láwọyin ní kí àna òun dìde nílẹ̀, ó ti tó. Abídèmí nu ojú rẹ̀.

“Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n àwọn tó bú mi kò sí níbí. Ìlú yín ni wọ́n wà. Bí ọ̀la bá mọ́, mo máa bá yín lọ. Ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú, ẹ máa tún ìtàn yìí sọ fún ọkọ mi, fún Màámi ìyá rẹ̀, àti fún gbogbo ìlú, àmọ́ Aníyìkáyé ọ̀rẹ́ yín kò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀.”

“Kò ní sí níbẹ̀,” ó dáhùn.

“Àti pé àwo tí a fi jẹun ọ̀sán ṣì wà lẹ́yìnkùlé.” Ó na kànìnkànìn sí i.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àgbálùmọ̀ jábọ́ lórí igi. Baba Ọdẹ́tóyìnbó ká ọwọ́ gbérí sókè, ìyẹn èyí tó kù nínú rẹ̀, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì fọ àwo. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ọkùnrin náà mọ nǹkan fọ̀. Nígbà tó fọ̀ wọ́n tán, ó rí ìkòkò kan ní kọ̀rọ̀ tó ń rùn díẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i. Ọwọ́ náà dúró lókè.

“Abídèmí,” ó pè é, “ṣé wọ́n máa ń fọ èyí?”

“Wọn kì í fọ̀ ọ́, Bàbá.”

Ó rọra fi ìkòkò náà sílẹ̀.